Ekùrọ́ Inú Àpò Òsì

Mo rántí ìgbà tí òórùn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì máa ń bá mi wọlé láti orí pápá gọ́ọ̀fù ní Benin, tí ìyàwó mi á ní kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà kí n bọ́ bàtà, á ní ṣé báńkì ni mo ń ṣiṣẹ́ ni àbí ilé mẹkáníìkì. Ẹni tí kò bá dé pápá wa nígbà náà kò lè mọ ibi tí òórùn yẹn ti wá. Nílùú àwọn òyìnbó tó ni eré náà, koríko tútù tí wọ́n gẹ̀ mọ́lẹ̀ ni wọ́n máa ń gbìn yí ihò ká. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Iyanrìn ni wọ́n dà yí ihò tiwa ká, wọ́n wá fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti ṣiṣẹ́ tán pò ó kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Bí bọ́ọ̀lù bá gba orí rẹ̀ kọjá, ipa rẹ̀ á hàn. Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á hàn. Kò sóhun tó o ṣe lórí iyanrìn yẹn tí kò ní hàn, àfi tó o bá mú pákó, tó o fi fa ojú rẹ̀ tẹ́. Pákó náà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ pákó yẹn.

Mo lé díẹ̀ lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún nígbà tí báńkì gbé mi láti Ìbàdàn wá sí Benin lọ́dún 1993. A gba ilé sí Ugbowo, kò jìnnà sí géètì yunifásítì, níbi tí ariwo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í ti í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ara ẹni. Kò pẹ́ tí mo dé tí ọ̀gá mi fi pè mí, ó ní àwọn oníbàárà ńlá kì í wá tò sídìí káńtà, ó ní orí pápá gọ́ọ̀fù ni wọ́n máa ń wà láràárọ̀ Sátidé. Èmi tí n kò mú igi kankan lọ́wọ́ rí ju èyí tí a fi ń já máńgòrò lọ, mo wá àpò igi gọ́ọ̀fù àlòkù rà, mo ra bàtà onírin lábẹ́, mo dé fìlà funfun, mo gbà pé mo ti di ẹni ńlá. Ojú mi rí màbo lọ́jọ́ kìíní. Mo fi igi gbá afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún, bọ́ọ̀lù ò mira. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń wò mí. Àwọn agbápò, ìyẹn àwọn tó máa ń bá èèyàn gbé àpò igi kiri orí pápá, rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀.

Ọjọ́ yẹn náà ni Bàbá Sọ̀fíyọ̀ rí mi. Orúkọ tí gbogbo wa ń pè é nìyẹn nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá ní Benin, torí iṣẹ́ kí a máa wọn ilẹ̀ ló ṣe fún ìjọba títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ará Ìjẹ̀ṣà bíi tèmi ni. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti wà ní Benin, ó ti kọ́lé sí Ogida, àwọn ọmọ rẹ̀ ti fọ́n ká, ó ku òun àti Màmá, ìyàwó rẹ̀, nínú ilé. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì sí ohun tó máa ń wọ̀ wá sí pápá ju ṣòkòtò kákí kan tí àpò rẹ̀ jìn lọ. Ó dúró lẹ́yìn mi, ó wò mí títí, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí pé, “Ọmọkùnrin, ṣé ejò lò ń pa ni?” Inú bí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yíjú tí mo rí irun funfun, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí koríko, àwọn agbápò sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín tuntun.

Láti Sátidé tó tẹ̀ lé e ló ti gbà mí bí ọmọ iṣẹ́. Ẹni tí kò bá mọ gọ́ọ̀fù, ohun kan ṣoṣo ló yẹ kó mọ̀: iye ìgbà tí olúkúlùkù bá gbá bọ́ọ̀lù kó tó wọ ihò ni wọ́n máa ń kà, ẹni tí òǹkà rẹ̀ bá kéré jù ló borí. Òǹkà tèmi nígbà náà, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Bàbá ní àṣìṣe bíi mẹ́ta mẹ́rin tí gbogbo aláìmọ̀kan máa ń ṣe ló ń dà mí láàmú, pé tí mo bá ti lè jáwọ́ nínú wọn, mi ò nílò agbára kankan. Ó ní mo máa ń gbójú sókè láti wo ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ kí igi tó kàn án, pé bọ́ọ̀lù ò tíì gbéra, mo ti ń sìn ín sọ́nà. Ó ní mò ń gbá a bí ẹni tí bọ́ọ̀lù jẹ ní gbèsè. Ó ní bí bọ́ọ̀lù mi bá wọ igbó, igi tó gùn jù nínú àpò ni mo máa ń fà yọ, màá fẹ́ kó gba àárín igi méjì jáde kó dé ẹnu ihò lẹ́ẹ̀kan náà, bọ́ọ̀lù á kọlu igi, á tún wọgbó lọ síwájú sí i. Ó ní ojú ló ń tì mí láti rọra gbá a padà sójú ọ̀nà tó ti kúrò. Ó máa ń wá fi òwe tì í lẹ́yìn pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ní ti orí iyanrìn, ó ní kí n máa fi pákó fa ojú rẹ̀ kó tẹ́ pẹrẹsẹ kí n tó ti bọ́ọ̀lù, kí n má sì fi ẹ̀rù tì í, torí bọ́ọ̀lù tí kò dé ihò kò lè wọ ihò. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo ṣe ìdajì. Síbẹ̀, kò tó ọdún kan tí àwọn agbápò fi yé fi mí ṣe ẹlẹ́yà.

Àmọ́ èyí tó burú jù lójú Bàbá ni àṣìṣe òǹkà. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn ló fẹ́ kí òǹkà wọn dínkù, dípò kí wọ́n yé ṣàṣìṣe, ṣe ni wọ́n ń yé kà. Ó ní nígbà tí òun wà lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n bá ń fa ṣéènì wọn ilẹ̀ nínú igbó, ẹni tó bá ṣi ṣéènì kan kà lè gba ilẹ̀ onílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ekùrọ́ ló fi ń kà á nígbà náà kó má baà ṣì í, ekùrọ́ yẹn náà ló sì gbé wá sórí pápá. Mẹ́wàá ni wọ́n, ọwọ́ ti bó wọn títí wọ́n fi ń dán. Tí a bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ihò kan, inú àpò ọ̀tún ṣòkòtò kákí ni gbogbo wọn á wà. Bó bá ti gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan, á mú ekùrọ́ kan kúrò lápò ọ̀tún, á jù ú sí àpò òsì. Tí bọ́ọ̀lù bá wọ ihò, á kó ti àpò òsì síta, á kà á fún mi. Èmi ni mo ń kọ ọ́, torí òfin eré náà ni pé ẹnikẹ́ni kì í kọ káàdì ara rẹ̀, ẹni tí ẹ jọ ń rìn ni yóò bá ọ kọ ọ́, tí yóò sì fọwọ́ sí i. Bàbá ò gbé káàdì rẹ̀ fún ẹlòmíràn láti ọjọ́ tó ti mọ̀ mí. Á ní ẹnu lè purọ́, ekùrọ́ ò lè purọ́.

Bí a ṣe bá a lọ nìyẹn fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin. Nígbà tí ìyàwó mi bí ìbejì, bàbá tó bí mi ti kú, Bàbá Sọ̀fíyọ̀ ló jókòó sí ipò rẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, òun ló gbé àwọn ọmọ náà lọ́wọ́ tó pè wọ́n lórúkọ. Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti ń pè mí ní Bàbá Ìbejì. Tí a bá lọ kí wọn ní Ogida lọ́sàn-án Àìkú, Bàbá á máa bá àwọn ọmọ sọ Yorùbá, wọ́n á gbọ́ gbogbo rẹ̀ yékéyéké, wọ́n á sì fi pijin Benin dá a lóhùn. Á ṣe bí ẹni pé inú ń bí i, á ní ṣé ilé Ọba Benin ni wọ́n ti bí wọn ni. Àwọn ọmọ á gun orí itan rẹ̀, wọ́n á máa wá ekùrọ́ nínú àpò rẹ̀. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bàbá tó bí mi lọ, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ìgbà ọyẹ́ ọdún 1997 ni mo kọ́kọ́ rí i. Ihò kẹrin la wà. Bọ́ọ̀lù Bàbá wọ igbó lápá òsì, ó gbá a lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀ kó tó jáde. Mo fojú mi rí i, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni gbogbo rẹ̀ títí tó fi wọ ihò. Bàbá kó ekùrọ́ síta, ó kà á, mẹ́rin ni. Mo rò pé ó fẹ́ fi mí ṣeré ni, mo ń retí kó rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní mẹ́rin, ó da ekùrọ́ padà sí àpò ọ̀tún, ó ń lọ síbi ihò karùn-ún. Mo dúró pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Mo sọ fún ara mi pé ó gbàgbé láti mú ekùrọ́ méjì ni, ta ni kì í gbàgbé? Àti pé ta ni mí tí màá sọ fún ẹni tó sọ ọmọ mi lórúkọ pé kò mọ òǹkà? Wọn ò tọ́ mi bẹ́ẹ̀. Nílé tiwa, ẹnu àgbà lobì ti ń gbó. Bí àgbà bá ní òkúta ni iṣu, ọmọ tó gbọ́n á lọ gbé ọ̀bẹ wá. Mo kọ mẹ́rin.

Nígbà tó fi máa tó oṣù mẹ́fà, kò sí Sátidé tí kì í ṣẹlẹ̀. Nígbà míì ihò kan, nígbà míì mẹ́ta. Bí òǹkà Bàbá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù nìyẹn. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wúwo, tí òǹkà rẹ̀ sì ń dára sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀! Inú rẹ̀ ń dùn bíi tọmọdé. Tí a bá parí eré, á na ọwọ́, á ní kí n fún òun ní káàdì náà kí òun mú un lọ sílé. Mo rò pé ó fẹ́ fi yangàn fún Màmá ni. Mo fọwọ́ sí i, mo fún un.

Agbápò rẹ̀ ló kọ́kọ́ lanu. Ọkùnrin Ẹ̀dó kan ni, òun náà ti ń hewú, ó ti bá Bàbá gbé àpò kí n tó dé Benin rárá. Ó dúró dè mí nídìí ọkọ̀ mi lọ́sàn-án Sátidé kan, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó ní, “Oga, Papa no dey thief. Papa dey forget.” Ó ní òun ti ń gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nínú ilé ẹgbẹ́ pé Bàbá ń jí òǹkà, ṣùgbọ́n òun mọ ọ̀gá òun, kì í ṣe olè, orí rẹ̀ ló ń gbàgbé. Ó ní lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá bi òun lẹ́ẹ̀mejì lórí ihò kan náà pé ọ̀nà ibo làwọn ń gbà báyìí. Ó bẹ̀ mí kí n lọ sọ fún Màmá. Ó ní agbápò lòun, òun ò lè lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀gá òun láti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ni mo jẹ́ níbẹ̀. Mo dá a lóhùn bí ẹni pé ó bú mi. Mo bi í pé ṣé dókítà ni. Mo ní kó yé sọ̀rọ̀ àgbà bẹ́ẹ̀. Mo wọ ọkọ̀, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Ọkùnrin náà fẹ́ràn Bàbá tìgboyà tìgboyà. Èmi ń fẹ́ràn rẹ̀ lórí ìdọ̀bálẹ̀.

Ẹ má rò pé mi ò ríbi sọ ọ́. Lọ́jọ́ Àìkú kan, Màmá pè mí sí ẹ̀yìnkùlé bí ẹni pé ó fẹ́ fi igi ọsàn kan hàn mí. Ó bi mí pé, “Bàbá Ìbejì, ṣé ara Bàbá rẹ le lórí pápá?” Kò béèrè bí ẹni tó ń kí èèyàn. Ó ń wò mí lójú. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n mi. Mo rò ó pé tí mo bá sọ ọ́, tí Bàbá bá gbọ́ pé èmi ni mo lọ sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé orí rẹ̀ kò pé mọ́, ojú wo ni màá fi wò ó? Mo ní ara wọn le, Màmá, wọn ò gbá a dáadáa tó báyìí rí. Màmá mí kanlẹ̀, ó ní a dúpẹ́. Ó wọlé lọ ro ọkà fún mi, mo sì jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdíje ọdọọdún ẹgbẹ́ wa dé, lọ́dún 1998. Èmi, Bàbá àti lọ́yà Ẹ̀dó kan ni wọ́n pa pọ̀. Nígbà tí a fi máa dé ihò tó gbẹ̀yìn, èyí tó wà níwájú ilé ẹgbẹ́ gan-an, tí gbogbo èèyàn jókòó tí wọ́n ń mu nǹkan tútù, Bàbá wà lára àwọn tó lè gba ife. Ó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, ó wọgbó. Mo rí i tó fa igi tó gùn jù nínú àpò yọ. Ó fẹ́ gbá a gba àárín igi méjì kó lè dé ẹnu ihò lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo ohun tó kọ́ mi ló ti kúrò lórí rẹ̀. Bọ́ọ̀lù kọlu igi, ó tún wọgbó. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló gbá a kó tó dé orí iyanrìn, ó sì tì í lẹ́ẹ̀mẹta níbẹ̀ kó tó wọ ihò. Mẹ́jọ. Bàbá kó ekùrọ́ àpò òsì síta, ó kà á, ó ní márùn-ún.

Lọ́yà rẹ́rìn-ín. Ó ní mẹ́jọ ni, ó ní orí iyanrìn nìkan, mẹ́ta ni, ó na ìka sí ipa bọ́ọ̀lù, mẹ́ta ni lóòótọ́, wọ́n hàn gbangba lára ọ́ìlì dúdú náà. Àwọn tó wà níwájú ilé ẹgbẹ́ ti ń dìde. Bàbá wo ekùrọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó wo lọ́yà. Ó wá yíjú sí mi.

“Ọmọ mi, mélòó ni mo gbá?”

Mo rò nígbà yẹn pé ìbínú ni mo rí lójú rẹ̀. Kì í ṣe ìbínú. Ìbẹ̀rù ni. Mo ti wo ojú yẹn lọ́kàn mi láìmọye ìgbà láti ọjọ́ náà, mo sì mọ̀ ọ́n báyìí. Ẹni tó ti ṣìnà ló ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé. Kò béèrè pé kí n gbè é. Ó béèrè pé mélòó.

“Márùn-ún ni, sà,” ni mo wí.

Mo wá mú pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, mo fi fa ojú iyanrìn náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Agbápò Bàbá dúró níbẹ̀, ó ń wo ọwọ́ mi títí mo fi ṣe tán, ó sì gbé àpò kọ́ èjìká, ó lọ. Nígbà tí ó jẹ́ pé èmi ni mo ni ẹ̀tọ́ láti kọ káàdì náà, kò sí ohun tí lọ́yà lè ṣe. Bàbá gba ife. Àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa fún un kò ju èyí tí wọ́n fi ń lé eṣinṣin lọ. Ó gbé ife náà mọ́ra, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní a kú iṣẹ́, ọmọ mi.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Papa Five lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí yóò bá a rìn wá di ọ̀wọ́n. Ó yẹ kí n wà níbẹ̀, kí n máa bá a rìn, ó kéré tán. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí iṣẹ́ ṣe ní báńkì lọ́jọ́ Sátidé. Mo ní ìwé pọ̀ lórí tábìlì. Ìwé wo? Ṣe ni mo sá. Bàbá á dúró lórí pápá láti aago méje, òun àti agbápò rẹ̀, á máa bi gbogbo ẹni tó bá ń kọjá pé ṣé wọ́n rí ọmọ òun.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìdíje, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Màmá pè mí lórí fóònù báńkì. Bàbá gbé ọkọ̀ jáde láàárọ̀ láti lọ ra búrẹ́dì, ọ̀sán ti pọ́n, kò tíì dé. A pín ara wa sí ìlú. Agbápò ló rí i, ní Ikpoba Hill, níbi tí kò sẹ́ni tó rán an dé. Nígbà tí èmi àti Màmá fi máa débẹ̀, ó dúró nínú ọgbà obìnrin kan lábẹ́ oòrùn, bàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń bi obìnrin náà léèrè ẹni tó kọ́lé sórí ojú ìlà òun. Màmá ní Bàbá ló wọn ilẹ̀ agbègbè náà nígbà tó ṣì wà ní igbó. Obìnrin yẹn ti kọ́kọ́ pariwo mọ́ ọn, ó rò pé ajagungbalẹ̀ ni, nígbà tó sì yé e, ó gbé àga àti omi fún un. Ekùrọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn kan ti já bọ́ sínú koríko. Mo sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo ní Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Ó wò mí pẹ̀lú ọ̀yàyà. “Ẹ kú iṣẹ́ o,” ló wí fún mi. “Ẹ bá mi di ìdí ṣéènì mú.” Láti ọjọ́ tó ti bi mí bóyá ejò ni mò ń pa, kò pè mí ní “ẹ” rí. Bí èèyàn ṣe ń kí àlejò ló ṣe kí mi.

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó ní ó ti ń ya lu ọpọlọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láti nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀, pé ohun tó fi ń gbàgbé nìyẹn. Ó ní ohun tó ti bàjẹ́ kò lè bọ̀ sípò mọ́. Ó ní ká ní wọ́n tètè gbé e wá nígbà tí ìgbàgbé náà bẹ̀rẹ̀, oògùn wà tí ì bá dá a dúró. Ó bi wá bóyá kò sẹ́ni tó kíyè sí i. Èmi àti Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta yàrá rẹ̀. Màmá ṣí báàgì rẹ̀, ó mú ìdì káàdì kan jáde tí wọ́n fi òwú so. Mo mọ ìwé ọwọ́ mi.

“Mo bẹ Bàbá rẹ títí kí wọ́n lọ rí dókítà,” ni Màmá wí. “Gbogbo ìgbà tí mo bá ti sọ ọ́ ni wọ́n máa ń kó ìwọ̀nyí síta. Wọ́n á ní ṣé ẹni tí orí ẹ̀ ń dàrú ló ń kà báyìí? Wọ́n ní ọmọ àwọn ló kọ ọ́, pé bí nǹkan bá ń ṣe àwọn, ìwọ lo máa kọ́kọ́ rí i, o ò sì ní fi pa mọ́ fún àwọn.”

Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó kó káàdì náà sọ́wọ́ mi, ó dìde, ó lọ jókòó ti ọkọ rẹ̀. Mo tú òwú yẹn, mo ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, Sátidé lórí Sátidé, òǹkà tó ń dínkù, tó ń dínkù, àti orúkọ mi nísàlẹ̀ gbogbo wọn. Mo sunkún ní gbangba bí ọmọ kékeré. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ọjọ́ náà ni mo ríran. Ohun tí mo ti ń pè ní ọ̀wọ̀ fún àgbà láti ọjọ́ yìí, ojo ni.

Ó lo oṣù díẹ̀ sí i. Mo ń lọ sí Ogida lójoojúmọ́ tí mo bá ti kúrò níbi iṣẹ́, ìgbà tí kò wúlò mọ́. Kò mọ̀ mí. Kò mọ Màmá náà nígbà míì. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí wọ́n bọ́ ṣòkòtò kákí náà lára òun láìkọ́kọ́ kó ekùrọ́ inú rẹ̀ síta, á dì wọ́n mọ́wọ́ títí wọ́n á fi wọ òmíràn fún un. Lọ́jọ́ tí mo rí i kẹ́yìn, òjò ń rọ̀, a jókòó sí fàráńdà. Ó ṣàdédé ki ọwọ́ bọ àpò òsì, ó kó ohun tó wà níbẹ̀, ó dà á sí àtẹ́lẹwọ́ mi. “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kà á,” ló wí. Mo kà á. Mo tún un kà. Méjì ti sọ nù sínú koríko Ikpoba Hill.

“Mẹ́jọ ni, Bàbá,” ni mo sọ.

Ó mi orí. Ó ní, “Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.”

Mi ò ní bírò lọ́wọ́. Ó kú lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí. A ti kúrò ní Ugbowo, báńkì ti gbé mi kiri, àwọn ìbejì ti wà ní yunifásítì, ọ̀kan nínú wọn ṣì ń fi pijin dá mi lóhùn bí mo bá bá a sọ Yorùbá, mi ò sì bínú. Mi ò gbá gọ́ọ̀fù mọ́. Nígbà tí mo lọ sí Benin lọ́dún yìí, 2014, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wo pápá náà, wọ́n sì jẹ́ kí n wọlé. Wọ́n ti kó iyanrìn kúrò, koríko tútù ló yí gbogbo ihò ká báyìí, bíi ti ìlú òyìnbó, mi ò sì gbóòórùn ọ́ìlì. Mo béèrè agbápò, wọ́n ní ó ti kú. Òun náà ni mo fẹ́ lọ bẹ̀, mo pẹ́ jù. Àwọn àgbà ní gbogbo òtòkùlú péjọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Mo ti wá ẹbọ náà kiri, mi ò rí i. Èyí tí mo lè ṣe kò ju pé tí ọmọ mi bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi tí kò dọ́gba, mo ti sọ fún un pé kó dá mi dúró, kó wò mí lójú, kó sọ ọ́, ì báà jẹ́ níwájú ta ni.

Ekùrọ́ mẹ́jọ yẹn wà lórí tábìlì níbi tí mo ti ń kọ̀wé yìí. Bàbá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì ti kọ ọ́ báyìí. Mẹ́jọ ló gbá lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo kọ márùn-ún.